Ẹ̀dà, Ẹ̀dá, àti Ilé Tó Rí bíi Fìlà Ṣọ́jà

Ní Orílé-Ìgànmú, nítòsí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró, ọmọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Tábìlì kan ló ní, agbòòrùn kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Bí ènìyàn bá gbé láàpútọ́ọ̀pù wá pé kó bá òun gbé Windows sí i, tàbí kó fi géèmù bọ́ọ̀lù sí i fún ọmọ òun, ohun tó máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ṣé orijínà lẹ fẹ́ ni, àbí kọ́pì?” Owó orijínà ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn ládùúgbò yẹn lọ. N kò tíì jókòó níbẹ̀ rí kí n gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn pé orijínà.

Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan gbé fóònù wá, ó fẹ́ Bíbélì tó ń sọ̀rọ̀ jáde. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n bi í. Ọmọkùnrin náà wá tún un sọ pé, “Bàbá, ẹ̀dà ni mo ní o.” Bàbá ní, “Ẹ̀dà? Ta ní sọ pé ẹ̀dà burú? Ṣebí ẹ̀dà Bíbélì ni gbogbo wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé, kò sì tíì fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ẹ̀- iwájú rẹ̀ ni èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, bó ṣe sọ bẹ̀ di ẹ̀bẹ̀, tó sọ kọ́ di ẹ̀kọ́, tó sọ bùn di ẹ̀bùn. Ohun tó kù ni dà. Dà yìí ni iṣẹ́ wà. A ń bi ọmọdé pé kí ló fẹ́ dà lọ́la. A ń sọ pé nǹkan dà bí òmíràn, ìyẹn ni pé wọ́n jọra. A ń da omi sínú ìkòkò. A sì ń sọ nípa ọ̀rẹ́ tó tú àṣírí ẹni pé ó dà wá. Àwọn onímọ̀ èdè lè sọ fún mi pé kì í ṣe dà kan ṣoṣo nìyí, pé ìró ló kàn pa wọ́n pọ̀, mo sì gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n etí ọmọ Yorùbá kì í yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. Nígbà tí mo bá gbọ́ ẹ̀dà, mo ń gbọ́ jíjọ, mo ń gbọ́ dídà, mo ń gbọ́ ohun tí a dà láti inú igbá kan sínú òmíràn, mo sì ń gbọ́ ìwọ̀nba ìfòyà pé wọ́n lè dà mí.

Ìdà omi yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Àdàkọ ni a ń pe iṣẹ́ ẹni tó ń mú ọ̀rọ̀ láti inú ìwé kan sínú òmíràn: ó dà á, ó sì kọ ọ́. Tí mo bá da omi láti inú kèǹgbè sínú ife, kèǹgbè á fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo lè da gbogbo ìwé kan kọ, kí lẹ́tà kan ṣoṣo má dín nínú ti àkọ́kọ́. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà ló wá sọ ìyanu yìí di ohun ìṣẹ́jú kan: o fi fíláàṣì bọ̀ ọ́, o tẹ̀ ẹ́, géèmù tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn fi ọdún mẹ́rin ṣe ti di méjì, igbá méjèèjì sì kún bákan náà.

Ibí ni àríyànjiyàn àwọn ọ̀dọ́ Orílé ti ń bẹ̀rẹ̀, n kì í sì í fojú kékeré wò ó. “Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo jí? Bí mo bá jí ewúrẹ́ yín, okùn á ṣófo. Okùn ta ló ṣófo níbí?” Yorùbá mọ jí, ó sì mọ ibi tó ti ń lò ó. Ọmọ tó ń yọjú wo ìwé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, a kò sọ pé ó ṣe àdàkọ, a ní ó jíwèé wò. Ìwé tó wò ṣì wà níbẹ̀ digbí, síbẹ̀ jí ni a lò. Èdè wa ti dáhùn, nígbà náà, pé kò dìgbà tí okùn bá ṣófo kí olè tó wáyé. Ohun tí ọmọ yẹn jí ni ipò ẹni tó kàwé.

Òfin kò gba ọ̀nà jí, ọ̀nà ẹ̀tọ́ ló gbà. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dájọ́ ní ilẹ̀ wa. Ìjọba ológun ṣe tiwa ní 1970, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1988. Èyí tó wà lóde báyìí ni ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta ọdún 2023. Láti 1988 ni òfin wa ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Lójú òfin Nàìjíríà, ètò tó ń mú ẹlẹ́sẹ̀ ayò sáré lórí tẹlifíṣàn ní ilé géèmù, ọ̀kan náà ni òun àti ìwé ìtàn àròsọ: ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́. Ààbò tí òfin 2022 fún un sì ń bá a lọ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Àdàkọ, pẹ̀lú kọ tó wà nídìí rẹ̀, wá bá a mu gẹ́lẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń wú mi lórí. Gẹ̀ẹ́sì fi kíkọ́pì sọ òfin tirẹ̀ lórúkọ, àwa tí Gẹ̀ẹ́sì ṣèjọba lé lórí sì ń pè é ní ẹ̀tọ́ àdàkọ. Faransé kò pè é bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí tiwọn ń jẹ́ ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, orúkọ yẹn náà ló sì dé orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá Kétu àti ti Pọ́ọ̀tọ̀-Nóvò wà lábẹ́ òfin tó dúró lórí dá, ìyẹn ẹni tó dá nǹkan. Yorùbá Èkó wà lábẹ́ èyí tó dúró lórí dà. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ààlà tí àwọn òyìnbó fi pín wa.

Àmì ohùn kan náà ló wà láàárín ẹ̀dà àti ẹ̀dá. Ẹ̀dá ni ohun tí Ẹlẹ́dàá dá, tí kò sí irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sórí pátákó ìtẹ̀wé fóònù, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní àyè tirẹ̀, è náà ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo. Ńṣe ni a ń to àmì lé e lórí. Iṣẹ́ yìí pọ̀ fún ẹni tó ń kánjú, nítorí náà “eda” ni púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀. Ohun tí a dá àti ohun tí a dà kọ di ọ̀kan. Nígbà tí onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName, ìkànnì orúkọ Yorùbá, ṣe pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbé e jáde, kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀dà rẹ̀. Inú mi dùn sí i nígbà náà, inú mi ṣì ń dùn sí i, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ni ohun tí à ń lò láti ya dá sọ́tọ̀ kúrò lára dà.

Láti ibi tábìlì ọmọkùnrin yẹn, ibùdókọ̀ ojú irin kan péré ló kù kí o dé Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè ní 2024. Gbogbo ọmọ Èkó mọ ilé náà: ó rí bíi fìlà ṣọ́jà. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ẹ̀dà ni. Àwọn ará Bulgaria ló kọ́ ọ, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ó parí ní 1976, àwòṣe rẹ̀ sì ni ààfin eré ìdárayá àti àṣà tó wà ní ìlú Varna lọ́hùn-ún. Ti Ìgànmú tóbi ju ti Varna lọ. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán ti Varna. Ó ṣe mí bí ẹni tó pàdé ẹni tó jọ bàbá rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Kò sì dín ìfẹ́ tí mo ní sí tiwa kù. Wọn ò purọ́ fún wa pé kò sí òmíràn.

Nínú ilé yẹn ni púpọ̀ nínú FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ti wáyé, láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ojú Ìyọba Ìdíà ti Bìní ni wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún náà, ojú eyín erin tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó lọ ní 1897. Nàìjíríà bẹ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Bìrìtìkó ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n yá wa lò, wọn kò gbà. Ọwọ́ oníṣọ̀nà Bìní ló gbẹ́ òmíràn. Ẹ̀dà ló wá dúró fún gbogbo ènìyàn dúdú ayé ní Ìgànmú, kò sì sí ẹni tó pè é ní ayédèrú. Kí ni wọn ì bá tiẹ̀ torí ẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀? Èyí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù gan-an kò dá wà: ìkejì rẹ̀, tó jọ ọ́ bí ìbejì, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Àwọn tó gbẹ́ wọn ní ààfin Ọba Bìní ní ohun tó lé ní irínwó ọdún sẹ́yìn kò bẹ̀rù ẹ̀dà.

Ayédèrú, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Èrú ló wà nídìí rẹ̀, èrú sì ni ẹ̀tàn. Ní kíláàsì Yorùbá, wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀dà fóníìmù kan náà ni l àti n, pé n tó wà nínú “nílé” àti l tó wà nínú “lówó”, “ní” kan náà ló bí wọn. Kò sí olùkọ́ tó sọ pé ọ̀kan ni ojúlówó, èkejì ni ayédèrú. Ẹ̀dà kì í di ayédèrú àfi bí ẹnì kan bá fi ṣe ohun tí kì í ṣe. Kọ́pì Windows tí wọ́n ti fi ètò olè sí nínú kí wọ́n tó tà á, tó ń jí nọ́ńbà báǹkì ẹni, ayédèrú ni. Sídì géèmù tí wọ́n tẹ àwòrán ojúlówó sí lẹ́yìn, tí wọ́n sì tà ní owó ojúlówó, ayédèrú ni. Ọmọkùnrin Orílé yẹn máa ń fi bírò kọ “KỌ́PÌ” sórí sídì tó bá tà. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé. Ó ní kí ẹni tó rà á má baà padà wá pe òun ní òpùrọ́.

Òtítọ́ yẹn dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ wo oníjàálá: ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń sun ló gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò sì ní fowó ra ìlà kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ń júbà. Ó ń dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, ó ń dárúkọ àwọn tó ti kú. Yorùbá ò ní òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n ó ní ìbà, ìbà sì ní ẹrù tirẹ̀: ọmọ iṣẹ́ ń sìn, ó ń ṣiṣẹ́ oko fún ọ̀gá, kí ó tó gba òmìnira. Kọ́pì wa ò ní ìbà nínú. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òkèèrè nìkan ni àwọn tó ń ṣe géèmù wà. Maliyo Games ti ń ṣe é ní Èkó láti 2012, géèmù ọ̀kadà, géèmù ẹ̀fọn, ohun tí ọmọ Mushin á rí tó máa rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó ti tà ní mílíọ̀nù lè fara da Orílé. Ọmọ wa tó ń kọ ètò pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kò lè fara dà á.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ni ojúlówó náà ń dà wá. Òfin 2022 kà á léèwọ̀ kí ènìyàn já àgádágodo tí wọ́n fi sára iṣẹ́ wọn, àmọ́ ọwọ́ tiwọn ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ géèmù Ubisoft pa ẹ̀rọ tó ń gbé géèmù The Crew dúró, àwọn tó fi owó wọn rà á kò sì lè fi ṣeré mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni Kalifọ́níà ṣe òfin pé ilé ìtajà tó ń lo “rà” fún ohun tó jẹ́ àṣẹ ìlò lásán gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún oníbàárà. Òfin tó tọ́ ni, mo sì fẹ́ irú rẹ̀ níbí. Nítorí bí ayédèrú bá jẹ́ ohun tí a fi ẹ̀tàn tà, ojúlówó tí wọ́n tà fún mi láìsọ pé ó máa kú, kí ni kí n pè é?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún dé ìdí tábìlì yẹn. Ọmọkùnrin náà ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù fúnra rẹ̀, lálẹ́, lórí láàpútọ́ọ̀pù tí oníbàárà kan pa tì. Ó fi hàn mí: ọmọ kan ń sáré lórí afárá, ilé bíi fìlà ṣọ́jà wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ ojú ọ̀run ibẹ̀, ó ní inú géèmù mìíràn lòun ti mú un. Orúkọ tó fún fódà náà ni “eda”. Mo ní kí n bá a fi àmì sí i, kó sọ fún mi èwo ni. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn tí oníbàárà mìíràn fi dé.