Ìròmi Tó Ń Jó Lójú Omi

Ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ ń bẹ nísàlẹ̀ odò. Ní Òkè Fìà ní Òṣogbo, níbi tí ilé gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, ọ̀rọ̀ òṣèlú ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí tú. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń bú ìjọba lórí rédíò, àgbà tó ń gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìròmi lásán ni, ẹ lọ wá onílù rẹ̀. Ìfura ni òwe náà ń rù kiri níbẹ̀. Kò burú, òwe kì í lójú kan ṣoṣo. Àmọ́ bí a bá ti Òkè Fìà gba ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun lọ lóṣù kẹjọ, nígbà ọdún, ìfura á kúrò nínú rẹ̀, á di ọ̀rọ̀ ìsìn pọ́nńbélé.

Ẹ wo ìtàn tí àwọn ará Òṣogbo ń pa nípa ìbẹ̀rẹ̀ ìlú wọn. Lárọ́ọ̀yè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ ṣí kúrò ní Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nítorí omi tó wọ́n. Wọ́n dé etí odò, wọ́n gé igi, igi ya lu omi, ni ohùn bá dún láti ìsàlẹ̀ pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Àwọn tó wà lókè kò mọ̀ pé ẹnìkan ń gbé ìsàlẹ̀. Ọ̀ṣun ni ẹni náà, májẹ̀mú tí wọ́n bá a dá ni ìlú sì ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fo ìtàn yìí, ijó ọdún Ọ̀ṣun kò lè yé e: àwọn tó ń jó létí odò gbà pé ẹni tí àwọn ń jó fún wà nínú omi, ó sì ń gbọ́.

Ní alẹ́ tí wọ́n bá tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, fúnra rẹ̀ ni yóò jó yí iná náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn olorì, àwọn babaláwo àti àwọn olórìṣà á sì tẹ̀ lé e. Ọba tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ayé ń jó fún, lóru yìí òun náà di oníjó níwájú ẹni tó jù ú lọ. Ní ọjọ́ àṣekágbá, ohun kan tún wà tí àlejò kì í tètè rí. Gbogbo ìlú ń jó, ìlù ń dún kíkankíkan, ṣùgbọ́n Arugbá, wúńdíá tó ru igbá Ọ̀ṣun láti ààfin dé inú igbó, kì í jó. Ó ń fẹ̀sọ̀ gbẹ́sẹ̀ ni, nítorí bí ó bá fẹsẹ̀ kọ, àmì burúkú ni fún ìlú. Àwọn yòókù ló ń bá a jó. Ijó wọn ni ọgbà tí wọ́n fi yí ìrìn rẹ̀ ká.

Tí a bá kúrò lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun bọ́ sọ́dọ̀ Ṣàngó ọkọ rẹ̀, onílù kò fara pamọ́ mọ́. Bàtá ni ìlù Ṣàngó. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele abo ń gbè é lẹ́yìn, àwọn omele kéékèèké tí wọ́n ń fi bílálà nà kò sì jẹ́ kí etí sinmi. Ẹlẹ́gùn yóò kọ́kọ́ forí balẹ̀ fún ìlù. Kò ní jó ṣáájú ìjúbà. Ìyáàlù yóò wá máa ki oríkì òrìṣà, yóò máa ju gbólóhùn sí i, èjìká àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dáhùn. Bí ìlù bá gé e, kí ara náà gé e ni. Tó bá ṣe díẹ̀, òrìṣà á gùn ún, ẹni tí ẹ mọ̀ ní àgbẹ̀ lánàá á wá di ẹni tí àwọn àgbà ń kúnlẹ̀ kí. Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè é, ìbáà jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n, irun dídì sì wà lórí rẹ̀ bíi ti obìnrin. Nínú ètò yìí, ijó ni àdúrà, ara sì ni ahọ́n tí wọ́n fi ń gbà á.

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní Íńdíà yóò mọ ohun tí à ń wí. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ ère Shiva gẹ́gẹ́ bíi Nataraja, ọba oníjó, ọwọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń fún un: ìlù kékeré wà ní ọ̀kan lápá ọ̀tún, iná wà ní ọ̀kan lápá òsì. Ìlù àti iná! Bí olóṣàngó bá rí ère náà, díẹ̀ ló kù kó kí i ní kábíyèsí. (N kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì o.) Ní Thanjavur, ní gúúsù Íńdíà, Ọba Rajaraja kọ́ tẹ́ńpìlì Shiva kan parí ní nǹkan bí ọdún 1010. Àkọsílẹ̀ tó wà lára òkúta rẹ̀ sọ nípa obìnrin oníjó bí 400 tí ọba kó wá síbẹ̀ láti máa sin òrìṣà. Devadasi ni wọ́n ń pe irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Òrìṣà ni ọkọ wọn. Ọkọ wọn kì í kú, wọn kì í sì í ṣe opó láé. Títí dòní, kí oníjó irú ijó yìí tó gbẹ́sẹ̀, yóò fọwọ́ kan ilẹ̀, yóò tọrọ àforíjì nítorí pé òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìjúbà nìyẹn, kò ní orúkọ mìíràn lọ́dọ̀ wa.

Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àwọn obìnrin náà bàjẹ́. Àwọn olówó ti ń fi wọ́n ṣe àlè. Ní 1947, òfin ka fífi ọmọbìnrin fún tẹ́ńpìlì léèwọ̀ ní Madras. Ṣùgbọ́n ijó náà ti gba ọ̀nà mìíràn jáde. Rukmini Devi, ọmọ ìdílé Brahmin, ti jó o lójú èrò ní 1935, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ijó Kalakshetra sílẹ̀ ní 1936. Lóde òní, wọn a máa gbé ère Nataraja sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, wọn a sì fi òdòdó síwájú rẹ̀. Àwọn òǹwòran ra tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, òrìṣà náà sì jókòó síbẹ̀.

Òṣogbo rí irú rẹ̀. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ níbí, Ulli Beier ará Jámánì sì ràn án lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjọ ni bàbá Ládípọ̀ ń ṣe. Ìgbà tí Ládípọ̀ fi ìlù ìbílẹ̀ sínú orin ìjọ, àwọn kan fárígá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi àwọn ará ìjọ wọ̀nyẹn ṣe ẹlẹ́yà. Èmi ò sí lára wọn. Ẹni tó kọ ìlù torí pé ó mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ bọ̀wọ̀ fún un ju ẹni tó kà á sí ariwo fàájì lọ. Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So, eré rẹ̀ lórí Ṣàngó, jáde ní 1963, ó gbé e dé Berlin ní 1964, tòun ti bàtá. Ẹsẹ̀ kan náà, èjìká kan náà. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ìlù mọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Lójúbọ, òrìṣà ló ń sọ ìgbà tó tó. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé èwo nínú àwọn ijó yìí ni ìsìn, n kò ní wo ẹsẹ̀ oníjó. Ẹni tó láṣẹ láti dá ìlù dúró ni n ó béèrè.

Ọ̀rọ̀ yìí ní kọ́nú-n-kọ́họ tirẹ̀. Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí kò jìnnà sí Òṣogbo, àwọn ilé àyàn tó gbówọ́ nínú bàtá wà níbẹ̀, Mùsùlùmí sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Wọn a kírun, wọn a gbààwẹ̀, wọn a sì lùlù fún òrìṣà nígbà ọdún, nítorí iṣẹ́ ìdílé ni. Kò di dandan kí ẹni tó ń pe òrìṣà máa sìn ín, kó ṣáà ti mọ bí wọ́n ṣe ń pè é.

Bàtá dé Berlin lóòótọ́, àmọ́ ìlù Ìjẹ̀ṣà tilẹ̀ ti rìn jìnnà ju ìyẹn lọ. Ní Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, ijexá ni wọ́n ń pe ìlù tí wọ́n fi ń jó Ọ̀ṣun. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń lù ú. Oníjó yóò ṣe bí ẹni ń bu omi wẹ̀, yóò yarun, yóò wo dígí, yóò mi ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kó dún. Ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n pa Mahatma Gandhi ní Íńdíà, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ìlú náà dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ fún Carnival. Aṣọ funfun àti láwàní bíi ti ará Íńdíà ni wọ́n ń wọ̀, ìlù Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń jó sí, orin òrìṣà lédè Yorùbá sì wà lẹ́nu wọn. Kí wọ́n tó bọ́ sígboro, wọn a kọ́kọ́ fún Èṣù ní tirẹ̀.