Aláró Kì í Ṣe Aládìrẹ

"Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn." Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: ojú aṣọ ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ wo ni, kí wọ́n tó béèrè ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọwọ́ ta wá ni aṣọ tí a ń kí náà ti jáde? Bí ọmọ bá ní iṣẹ́ aṣọ lòun fẹ́ ṣe lónìí, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wọn yóò mú un lọ, àfi bí ẹni pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ní ń sọ aṣọ di aṣọ.

Àwọn ìyá wa l'Ábẹ́òkúta kò rò ó bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń pe ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan aró ní aládìrẹ. Wọ́n ṣì í pè. Aládìrẹ ló ń ṣe ọnà sára aṣọ funfun. Òun ló ń fi ìko dì í, kó di oníko, tàbí kó fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ẹ̀kọ láfún sí i lára, kó di ẹlẹ́kọ. Aláró ló ni ìkòkò. Òun ló mọ èlú, ló mọ omi eérú, òórùn ìkòkò ló sì fi ń mọ̀ bóyá aró ti tó rẹ aṣọ. Àwọn ọkùnrin náà kò gbẹ́yìn: àwọn ló ń dá ọnà sára páànù, tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aládìrẹ sọ ọ́ di ọnà tí a ń pè ní Júbílì. Ẹni tó wo òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn tó sì gbé e sára àdìrẹ tí a ń pè ní Ìbàdàn-dùn, kì í ṣe aránṣọ. Ojú inú ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Irú ojú inú bẹ́ẹ̀ ni Shade Thomas-Fahm, ọmọ Nàìjíríà tó ń dá àrà sí aṣọ, ní. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹ̀kọ́ Saint Martin's ló bọ́ sí, ó sì padà wálé ní 1960. Ó rí i pé ìró ń tú lára obìnrin tó ń lọ síbi iṣẹ́, ló bá fi síìpù sí i, ìró di ohun à-wọ̀-má-wé. Ọ̀pọ̀ ló lè rán síìpù mọ́ aṣọ nígbà náà. Òun ló kọ́kọ́ rò ó.

Òwe wa ńkọ́? Bí a bá ń kí aṣọ lóòótọ́, gbogbo wọn ni ìkíni náà kàn: ahunṣọ Ìṣẹ́yìn, ẹni tó ń so aṣọ òkè pọ̀ ní ìbú-ìbú, ẹni tó mọ aṣọ gé ju kó rán an lọ, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá, àti obìnrin tó jẹ́ pé gèlè ìyàwó nìkan ló ń wé tó fi ń jẹun. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n, kò sí èyí tó jẹ́ ìrànwọ́ télọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ yín léèrè ohun tó ń wò lára aṣọ: ṣé àwọ̀ rẹ̀ ni, àbí òwú rẹ̀, àbí bó ṣe bá ara mu?