Ibi Tí Fáìlì Inú Ímeèlì Ń Sá Pamọ́ Sí

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ń gba inú ímeèlì wá lóde òní, ìwé ilẹ̀ náà ń gba ibẹ̀; nítorí náà, ọ̀ràn ńlá ni bí a bá ṣí lẹ́tà tí a kò bá fáìlì tí wọ́n ní àwọn so mọ́ ọn. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ẹni tó fi ránṣẹ́ gbàgbé.

Nígbà tí Ray Tomlinson fi ímeèlì ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971, ọ̀rọ̀ lásán ni a ṣe é fún. Àmì 128 péré ló wà nínú ASCII tí wọ́n ń lò. Ẹ, ọ àti ṣ tiwa kò sí níbẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí àmì ohùn. Lọ́dún 1980, Mary Ann Horton ní Yunifásítì Berkeley ṣe ètò tó ń sọ fáìlì di ọ̀wọ́ lẹ́tà kí ó lè rí ọ̀nà kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á ni yóò tú u fúnra rẹ̀.

Nathaniel Borenstein àti Ned Freed ló mú ìnira yẹn kúrò pẹ̀lú ìlànà MIME. Ní oṣù Kẹta ọdún 1992, Borenstein fi fọ́tò ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ránṣẹ́. Fáìlì ṣì ń wọ aṣọ lẹ́tà (báìtì mẹ́ta ń di lẹ́tà mẹ́rin, ìdí nìyí tí ẹrù fi ń wúwo sí i lójú ọ̀nà), ṣùgbọ́n àkọlé kan ń ṣáájú rẹ̀ tó ń sọ irú ohun tó jẹ́. Bí àkọlé náà bá bàjẹ́, tàbí tí Outlook bá di gbogbo rẹ̀ sínú winmail.dat, fáìlì dé, ojú kò rí i.

Ẹni tó bá ń lo Gmail, kí ó kọ has:attachment sínú àpótí ìwárí. Bí kò bá hàn, kí ó ṣí lẹ́tà náà gan-an, kí ó tẹ “Show original”. Bí ó bá bá ọ̀wọ́ lẹ́tà tí kò nítumọ̀, tó gùn lọ rẹrẹ, ó lè jẹ́ pé fáìlì rẹ̀ nìyẹn.