Ká tó ra ọkọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká bi ìtàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí àwọn àwòrán catamaran tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ó wuyì lóòótọ́: abẹ́ rẹ̀ pín sí méjì, kì í fì bọ̀rọ̀, ààyè àwọ̀n sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Carrollton níbí jìnnà sí òkun. Etíkun Ìlàjẹ sì ni ọkọ̀ tí a ń dáwó fún yìí ń lọ.

Orúkọ yẹn gan-an, èdè Tamil ló ti wá: igi tí a so pọ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ ṣe ohun tó bá etí òkun tiwọn mu. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja Gánà ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1950, wọn ò sọ ọkọ̀ onígi wọn nù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Àyétòrò tiwa náà, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, àpò kan ni gbogbo ìlú jọ ń ná nígbà kan rí, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ fúnra wọn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí ará ilé lè tún ṣe ló ń pẹ́. Òótọ́ ni, bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú lójú omi, èkejì á gbé wọn délé. Àmọ́ méjèèjì ló ń mu epo o! Ta ló máa ra epo? Ta ló máa lẹ fáíbà tó bá sán?

Ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó máa gùn ún ká tó sanwó. Ẹni tó ń bá ìgbì jà ló yẹ kó yan ọkọ̀.