Àká Inú Ilé: Orúkọ Tó Yẹ Ẹ̀rọ Tó Ń Tọ́jú Fáìlì

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village, Ìkẹjà. Mo ki díísìkì méjì bọ inú rẹ̀, térábáìtì 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé e sí igun yàrá, mo fi wáyà so ó mọ́ ráútà. Ibẹ̀ ni àwòrán ìgbéyàwó àti fídíò ìkómọjáde gbogbo ẹbí wà báyìí. Ìyá mi bi mí pé kí ni wọ́n ń pè é. Mo ní "server." Wọ́n ní, "Lédè tiwa ńkọ́?" Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá tú u ní ṣáńgílítí á pè é ní ìránṣẹ́. Kò bá a mu. Ẹni tí à ń rán níṣẹ́ ni ìránṣẹ́, ẹ̀rọ yìí kì í sì í kúrò lójú kan. Àwa là ń lọ bá a. Àwọn mìíràn ń lo "apèsè," ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹ̀rọ yìí ń pèsè tí kì í ṣe àwa la kó o síbẹ̀. Àká ni mo mú. Àgbẹ̀ ló ń kó àgbàdo sí àká, òun náà ló ń padà lọ bù ú. Oko ni ìyá mi dàgbà sí, wọn ò bèèrè àlàyé kejì.

Ọ̀rọ̀ díísìkì méjì yẹn ló gba àròjinlẹ̀. Ní 1988, Patterson, Gibson àti Katz ní Yunifásítì Califóníà, Berkeley, gbé ìwé jáde pé a lè kó díísìkì olówó pọ́ọ́kú jọ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ díísìkì ńlá olówó gọbọi. RAID ni wọ́n pè é. Ọ̀nà kan nínú rẹ̀ ni pé ohun tí a bá kọ sára díísìkì kìíní, a ó kọ ọ́ sára èkejì lẹ́ẹ̀kan náà. Dígí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń fi èyí wé. Èmi pè é ní díísìkì ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn baba wa a máa gbẹ́ ère dípò rẹ̀, ìyá á sì máa tọ́jú ère náà pẹ̀lú èyí tó wà láàyè. Mi ò fi ọ̀fọ̀ ọmọ ṣeré. Bí díísìkì kan bá kú, a ó ra òmíràn sí àyè rẹ̀, èyí tó kù á sì da gbogbo ohun tó mọ̀ kọ sí i lára.

Kí n tó rí orúkọ ìbejì yìí, "ìpamọ́" ni mò ń pe gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó gbà pé ohun tó bá ti dé ibẹ̀ kò lè sọnù mọ́. Ó pa àwòrán rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó yá, ó ṣèèṣì pa wọ́n rẹ́ nínú àká náà. Díísìkì méjèèjì, Táyé àti Kẹ́hìndé, gbàgbé wọn lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ mi ló ṣì í lọ́nà, ó sì ń dùn mí títí dòní. Láti ìgbà náà ni mo ti ya "ẹ̀dà" sọ́tọ̀ fún èyí tó wà nínú ilé mìíràn, níbi tí àṣìṣe wa, olè àti iná tó bá jó ilé wa kò ti lè dé.

Ẹni tó ní díísìkì mẹ́ta lè lo ẹlẹ́rìí. Ká ní 5 wà lára ọ̀kan, 7 wà lára èkejì, kí ẹ̀kẹta, tí í ṣe ẹlẹ́rìí, di àpapọ̀ wọn, 12, mú. Bí èyí tó ní 7 bá kú, yọ 5 kúrò nínú 12, o ti rí i padà. Ìṣirò ẹ̀rọ kì í ṣe ìròpọ̀ báyìí gan-an, àmọ́ ọgbọ́n kan náà ni, àwọn díísìkì náà sì máa ń pín ẹ̀rí jíjẹ́ láàárín ara wọn. Mẹ́ta oní-térábáìtì 4 á fún ọ ní àyè 8. Ẹ̀rí ló gba ìyókù.

Ọ̀rọ̀ bíi fáìlì, ráútà àti wáyà, mi ò fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ti di tiwa.

Ìwọ tó ní àká nílé, gbé ẹ̀dà kan lọ sí ilé ẹlòmíràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.