Àpò Owó Ogbó Àwọn Tíṣà Illinois

Ẹni tó bá ti dá èésú rí yóò mọ ọ̀ràn yìí: bí ẹnì kan kò bá dá tirẹ̀, ọjọ́ ìkó ni ariwo máa ń sọ.

Ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ ní 1939, kí àwọn tíṣà lè rí owó jẹun nígbà ogbó. Tíṣà ń dá tirẹ̀. Nínú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, nǹkan bí 9 nínú 100, kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ta ni yóò sá fún irú ìyẹn? Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti dá, ṣùgbọ́n ọdún pọ̀ tí kò dá a pé.

Ní 1994, wọ́n ṣòfin pé títí di 2045, àpò náà yóò ní 90 nínú 100 owó tó yẹ kó ní. Àádọ́ta ọdún! Wọ́n sì jẹ́ kí ti ọdún ìbẹ̀rẹ̀ kéré, kí ẹrù tó wúwo já lé àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lórí. Ní 2005, wọ́n tún dín in kù fún ọdún méjì.

Nígbà tí gbèsè wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n ṣòfin ní 2013 láti dín owó ogbó kù. Àwọn tíṣà pẹjọ́. Òfin àgbà ìpínlẹ̀ náà, ti 1970, ti sọ pé owó yìí kò ṣeé dín kù. Ní oṣù karùn-ún 2015, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fẹnu kò, wọ́n sì fagi lé òfin náà.

Àwọn tó wọṣẹ́ láti 2011 kò ṣe oríire bẹ́ẹ̀. Òfin 2010 ní kí wọ́n pé ọmọ ọdún 67 kí wọ́n tó gba tiwọn pé.