Òru Tí Olùṣọ́ Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀: Ìtàn Àwọn Ọlọ́pàá Boston ní 1919

Ẹni tí ó bá sùn wọra ní òru kì í sábà ronú nípa ẹni tí kò sùn nítorí tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú ìtàn ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wá síwájú yín.

Ní ọdún 1919, Ogun Ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ohun gbogbo sì gbówó lórí. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú náà kò bá a dọ́gba. Olúkúlùkù ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ iṣẹ́. Wákàtí 73 ni àwọn ti ọ̀sán ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan, 83 ni ti àwọn ti òru. Eku àti ìdun sì kún àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, ohun tí wọ́n rí gbà kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Kọmíṣọ́nnà Edwin Curtis dá 19 nínú àwọn aṣáájú wọn dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9 oṣù September, ọlọ́pàá 1,117 nínú 1,544 fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà gan-an, àwọn ènìyàn ń ta tẹ́tẹ́ ní gbangba, àwọn jàǹdùkú sì ń fọ́ fèrèsé ilé ìtajà, wọ́n ń kó ẹrù ẹlẹ́rù. A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bí olè ní ọjọ́ náà. Olè ti wà láàárín wọn tẹ́lẹ̀, ojú tí ń ṣọ́ ọ ni kò sí mọ́. Gómìnà Calvin Coolidge kó nǹkan bí 5,000 ọmọ ogun ìpínlẹ̀ wọ ìgboro. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun mọ ìbọn, kò mọ ojúlé. Kò lè dá aládùúgbò mọ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ènìyàn 9 ni ó kú, ìbọn àwọn ọmọ ogun náà ni ó sì pa àwọn kan nínú wọn. Títí di oṣù December ni wọ́n fi ṣọ́ ìlú.

Coolidge wí pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti da iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó sì fi ààbò ìlú wewu. Òtítọ́ ni: aláìṣẹ̀ ni ó jìyà ní òru náà. Síbẹ̀, ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀ lé e. A kò gba ọ̀kan nínú àwọn tí ó kúrò padà. A gba àwọn mìíràn, a bẹ̀rẹ̀ owó wọn láti 1,400 dọ́là ní ọdún, a sì fún wọn ní aṣọ iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí a kọ̀ fún àwọn ti ìṣáájú ni a fún àwọn tí ó rọ́pò wọn. Ìlú san owó náà níkẹyìn, lẹ́yìn tí ó ti fi ẹ̀mí àti dúkìá kún un.

Àwa náà ń dá owó ọdẹ ní àdúgbò wa. Bí agbowó bá kan ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe wí fún un pé kí ó padà wá ní ọ̀la. Gbèsè tí a jẹ olùṣọ́ kì í pẹ́ kí ó tó di gbèsè gbogbo ìlú.